Carine Jí Nínú Tasí Odomẹ̀tà

Àwọn ará Kétu máa ń sọ pé Carine ń wa ọkọ̀ òfurufú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ló ń tọ́jú: ó ń gbé oúnjẹ fún wọn, ó ń ní kí wọ́n so ìgbànú mọ́ra, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn, bí orí tilẹ̀ ń fọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, àárẹ̀ ti wọ̀ ọ́ dé egungun. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mìíràn, tàbí kó dá aṣọ iṣẹ́ padà. Ó wálé wá sùn kó tó dáhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti Victorine ìyá rẹ̀ wọ tasí lọ kí ẹbí ní Odomẹ̀tà. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún. Mẹ́tàlá ló kó, láìka ewúrẹ́ kan. Wọn ò tíì jìnnà tí Carine fi sùn lọ fọnfọn.

Ọkọ̀ kó sí kòtò, gbì! Kí ojú Carine tó là, ó ti dìde, orí rẹ̀ sì lu òrùlé ọkọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi Faransé kí gbogbo wọn káàbọ̀, ó sì tún un sọ ní èdè wa: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, ẹ so ìgbànú yín mọ́ra. Afẹ́fẹ́ líle la wọ̀ yìí."

Bàbá Rachidi, àgbẹ̀ tó gbé ewúrẹ́ lé ẹsẹ̀, wo ara rẹ̀ sókè sódò.

"Ọmọ mi, okùn ewúrẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n so ó mọ́ra?"

Ni ẹ̀rín bá bú. Awakọ̀ rín títí ó fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé kọfí òun wá. Òmíràn ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dé Paris. Carine fúnra rẹ̀ rín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò rántí ìgbà tó ti rín ẹ̀rín tí kì í ṣe ti iṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ó tú àpò ọsàn tí ìyá rẹ̀ gbé dání, ó ń pín in láti ìjókòó dé ìjókòó, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún un. Nígbà tó kan Bàbá Rachidi, bàbá náà di ọwọ́ Carine mú.

"Ṣé o sùn dáadáa?"

Láti ọdún mẹ́sàn-án, èrò kankan ò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Lójú ẹsẹ̀ ni Carine pe Solange, ọ̀gá rẹ̀ ní Kùtọnu, lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àìsùn ni òun ò fẹ́. Ọdún kan ṣoṣo ni òun máa fọwọ́ sí, bí wọ́n bá máa fún òun ní ìsinmi ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìrìn àjò òru kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá gba aṣọ wọn.

Solange ní: "Ìwọ ni ẹnì kẹrin tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Màá bá àwọn ọ̀gá àgbà sọ ọ́."

"Ṣé wọ́n gbà?" ni Victorine bi í.

"Wọn ò tíì gbà, Ìyá." Ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, oorun sì tún gbé e lọ.