Igbá Òfìfo Tí Mo Gbé Lọ sí Camp Springs

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Bí mo bá fọ abọ́ tán, màá tún un fọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí. Ìtàn ayé àtijọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ high school níbí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ́ wọn nípa ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju gbogbo ìlú lọ. Ó fún un ní oyè, ó fún un ní ilẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí ọba, àfi kó gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn kọjá. Àwọn ìjòyè fara dà á títí, ó sú wọn. Wọ́n kó ogun jọ, wọ́n mú ọ̀rẹ́ ọba, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo máa ń sọ ọ́. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Àṣé ó kàn mí!

A ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú níhìn-ín ní PG County, ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni gbogbo wa. Bàbá Alága ló ń darí wa. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, tí mi ò mọ ẹnì kankan, basement ilé wọn àtijọ́ ní Hillcrest Heights ni mo gbé fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn bí ẹni tó bí mi.

Kọ́ládé ni ìṣòro wa. Kò tíì pé ogójì ọdún, àmọ́ òun ló ń gbé fóònù Bàbá, òun ló ń sọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ní mítìn-ìn àti ẹni tó máa panu mọ́. Nígbà tá a ṣe ọjọ́ àṣà, ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ló to àga àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ sí. Bàbá rí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi náà bínú. Iwájú ni mo jókòó ṣá, nítorí èmi ni akọ̀wé. Ọdún kẹsàn-án rèé, a ò sì dìbò rí. Ta ló fẹ́ kọ minutes, àkọsílẹ̀ ìpàdé, kó dùn ún kà bíi tèmi?

Bó ṣe di pé àwọn ìjòyè mẹ́fà pe ìpàdé nìyẹn, nílé Ọ̀tún ní Largo. Ọ̀tún ni igbákejì Bàbá, àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n pe èmi náà, mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kọ lẹ́tà ni. Mo tiẹ̀ sọ ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún wọn kí ara lè tù wọ́n. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Ọ̀tún. Ọ̀tún ní àwọn Òyìnbó ló ń bẹ́ orí, tiwa ò ní ariwo nínú.

Wọ́n dìde, wọ́n gbé igbá fínfín kan tí ìyàwó wọn fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n nu eruku ara rẹ̀, wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n gbé e lé mi lórí itan.

Ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni kò mọ ohun tí igbá òfìfo jẹ́? Láyé àtijọ́, bí ìlú bá kọ Aláàfin, igbá òfìfo ni àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń gbé ránṣẹ́ sí i. Ọba tó bá ṣí i ti mọ̀ pé ó parí, kì í bá wọn wà láyé mọ́. Mo ní háà, Bàbá tí BP wọn máa ń ga! Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni kú, kí wọ́n ṣáà fi àga sílẹ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n gbé e lọ, torí Bàbá ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Bí àgbà mẹ́fà bá tẹjú mọ́ èèyàn, kí lèèyàn fẹ́ ṣe?

Mo gbé igbá sí àga iwájú mọ́tò, mo fi seat belt dè é. Ọ̀nà tí kò jìnnà, mo lo wákàtí kan àbọ̀ lórí ẹ̀. Mo wọ márosẹ̀ Beltway, mo jáde, mo tún wọ̀ ọ́. Mo páàkì sílé epo kan, mi ò ra epo. Ọkàn kan ní kí n padà. Ọkàn kejì ní tí ẹlòmíì bá gbé e lọ ńkọ́, tí Bàbá sì ṣubú lulẹ̀? Mo wá ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Ọgbọ́n àbí agọ̀? Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa kan nítòsí ilé Bàbá ní Camp Springs, mo ra obì àbàtà mẹ́rin àti ìgò oyin kékeré kan, mo kó wọn sínú igbá. Kì í ṣe òfìfo mọ́ nìyẹn! Màá sọ fáwọn ìjòyè pé mo ti jíṣẹ́, màá sọ fún Bàbá pé wọ́n ń kí wọn.

Bàbá ló ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Kọ́ládé wà ní kíṣìnnì, ó ń po tíì fún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní àwọn ìjòyè ló ní kí n gbé e wá. Bí wọ́n ṣe rí igbá, ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ṣí i. Wọ́n wo obì, wọ́n yí ìgò oyin náà wò. Sítíkà ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò wọn ṣì wà lára rẹ̀.

"Òfìfo ni wọ́n fi rán ẹ, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo bú sẹ́kún, mo ṣàlàyé pé Kọ́ládé ló fà á, pé tí wọ́n bá lè jìnnà sí i díẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Bàbá bi mí pé ta ló ń kọ minutes, tó máa ń yọ gbogbo ẹjọ́ tí àwọn ìjòyè bá rò kúrò kí inú Bàbá má bàa bàjẹ́. Èmi ni. Nítorí BP ni mo ṣe ń ṣe é o!

"Títí ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n ń sọ. Kọ́ládé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ìwọ ń fi oyin dí mi létí."

Wọn ò pariwo. Wọ́n kó obì àti oyin jáde sórí tábìlì, wọ́n dé igbá náà bó ṣe yẹ kó wá, lófìfo. Wọ́n pe Ọ̀tún lórí fóònù, wọ́n ní, "Igbá yín ti dọ́wọ́ mi, mo sì ti ṣí i." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan láti fi àga alága sílẹ̀, èkejì láti fi àga akọ̀wé sílẹ̀. Kọ́ládé dúró pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mo ní kó gbé ẹ̀rọ BP wá kíá. Ti Bàbá dára. Tèmi ló lọ sókè!

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ẹni tó bá fẹ́ràn àgbà, kó máa sọ òótọ́ fún wọn. Ojúsàájú kì í rùn sí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àfi ìgbà tí wọ́n bá ka orúkọ òun náà mọ́ ọn.

Ní Mọ́ńdè, ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló kàn ní kíláàsì. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti bẹ́ ọ̀rẹ́ ọba lórí, mo rí i pé mo ti fọwọ́ di ọrùn ara mi mú.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fi oyin dí létí rí, ta ló sì sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.