Háíláítà Nínú Òrí

Iṣẹ́ ẹ̀tàn ni mo ń ṣe jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ring Road, níbi tí mo ti ń kun ojú fún ìyàwó, fún ìyá ìyàwó, àti fún ẹni tó kàn fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí mi, háíláítà ni mo fẹ́ràn jù, ohun dídán tí a máa ń fi sí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ṣóńṣó imú. Ẹni tí kò fojú kan oorun láti àná, bí mo bá fi kàn án báyìí, ẹ ó ní ayé ló ń jẹ. Mo máa ń fi ṣe fáàrí gan-an tẹ́lẹ̀.

Àìsàn kíndìnrín ló mú màmá mi. Ọ̀dọ̀ mi ní Àpáta ni wọ́n ń gbé, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo sì ń ti ṣọ́ọ̀bù kí n lè gbé wọn lọ sí kílíníkì. A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì yóò máa pe orúkọ ẹlòmíì. Ojú wọn ti ṣú, ó ti gbẹ bí ewé tí oòrùn pa. Nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti ń wọ sùtánà kí wọ́n tó bí mi, àwọn ìyá ìjọ ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé ò ń fún màmá ẹ lóúnjẹ báyìí?" Inú bí mi gan-an.

Màmá mi ò jẹ́ kun àtíké láéláé. Ní ìjọ wọn, ẹnikẹ́ni kì í kun ojú wọ sùtánà. Ojú tí Ọlọ́run fún wọn ni wọ́n ń gbé lọ síwájú rẹ̀. Òrí nìkan ni wọ́n ń fi para, láàárọ̀, lálẹ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n sùn lọ́sàn-án, mo gbé ike òrí wọn sínú oòrùn, ó yọ́, mo da ìgò háíláítà olómi kan sí i, èyí tó pọ́n bíi wúrà. Mo rò ó pọ̀ títí kò fi hàn mọ́. Nígbà tó dì, mo dá a padà sórí tábìlì wọn kí wọ́n tó jí.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ìsinmi, ojú màmá mi ń tàn lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀ṣì. Níbòmíràn, ẹnì kan ì bá ti béèrè irú àtíké tí wọ́n lò. Níbẹ̀ yẹn, ta ni yóò ronú kan àtíké? Wòlíì nawọ́ sí wọn láti orí pẹpẹ, wọ́n ní kí ìyá bọ́ síwájú wá jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe. Màmá mi dìde. Wọ́n bojú wẹ̀yìn wò mí, wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n ní Olúwa ti fọwọ́ kan àwọn. Gbogbo ìjọ hó yèè, wọ́n lu agogo. Ìyá ìjọ tó fi ẹnu gún mi náà ń jó. Èmi gan-an jó, ẹ má jẹ́ n purọ́, nítorí ẹnu àwọn ìyá ìjọ ti wọhò.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, màmá mi jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú Bíbélì lórí itan.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹni tó ti jẹ́rìí, kí ló tún fẹ́ lọ ṣe ní kílíníkì? Lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ, ọmọ mi."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan tó ń lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù ń dúró dè mí ní Challenge, ara mi sì fúyẹ́ pé n kò ní jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ó dáa, mà." Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìkẹrin, mo gbọ́ gbì ní bálùwẹ̀.

Dókítà ọ̀dọ́ tó gbà wọ́n sílé ìwòsàn fọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó wo ìka rẹ̀ tó ń dán, ó wá wò mí. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n má wá mọ́. Mo ní wọ́n ní ara àwọn ti yá ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, mo ṣì ń purọ́. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Èmi ò wo àìsàn, mo kùn ún lójú ni.

Màmá mi ò kú, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò lè dá rìn mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ la sì ń lọ sílé ìwòsàn báyìí. Ojú ń tì mí bí mo bá rí ike òrí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń fi òrí lásán pa wọ́n lẹ́sẹ̀, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún.

Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣebí mo rí i lára ìrọ̀rí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ ń dán."

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jẹ́rìí, Màámi?"

"Wòlíì pè mí, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹ tí ò ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n fọwọ́ kan orí mi. "Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé mi lọ sí kílíníkì ni. Mo ní kí n jẹ́ kó o sinmi."

Mo fẹ́ sọ pé kò rẹ̀ mí. Mo rántí Ọjọ́bọ̀ tí ara mi fúyẹ́ yẹn, mo tún bu òrí, mo sì ń fi pa wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ.