Wọ́n Yan Póòpù, Bàbá Mi Ṣì Ń Dúró

Lọ́jọ́ tí wọ́n yan póòpù tuntun yìí, mo wà lọ́dọ̀ onídìrí ní Peckham, ní London, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Ọmọbìnrin tó ń dirun mi yọjú wo fóònù rẹ̀. "Aunty, wọ́n ti mú new pope o! Ṣebí yesterday ni wọ́n wọlé ìdìbò? It's too quick, abeg." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi gbọgbẹ́ díẹ̀, torí bí bàbá mi ṣe máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Peckham ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Inú flat kan la wà, níbi tí òórùn ata díndín kì í kúrò lórí àtẹ̀gùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá mi, ọmọ ọba sì ni wọ́n ní ìlú wọn. Mo ṣì wà ní praímárì nígbà tí ọba ìlú náà wàjà, tí oyè sì kan ìdílé wa. Bàbá mi àti ìbátan wọn kan ni wọ́n jọ ń du ú. Láti ọjọ́ náà la ò ti ní bàbá nílé mọ́. Ọba lọ́la la ní.

Ọba kì í jẹun ní gbangba. Bàbá mi ò tíì gorí ìtẹ́, wọ́n ti ń gbé abọ́ wọn wọ yàrá, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Mummy á ké láti kíṣìnì pé, "Daddy, wọn ò tíì crown yín o! Ẹ wá jẹ ẹ̀bà yín kó tó tutù!" Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ bàbá mi mu oògùn náà yó. Gbogbo ará ìlú wa tó wà ní London ni wọ́n kà sí amí ìbátan wọn. Ẹni bá gbé ẹja gbígbẹ wá kí wa, bàbá mi á dúpẹ́ títí, àmọ́ inú bin ìdọ̀tí lẹja náà máa sùn. Lọ́jọ́ kan, mo gbé homework wọ yàrá láìkan ilẹ̀kùn. Wọ́n sáré fi ìwé ìròyìn bo abọ́, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ?" Ó dùn mí gan-an, mi ò sì tún wọlé tọ̀ wọ́n mọ́.

Àsìkò yẹn ni póòpù ìgbà náà kú. Aunty Fẹlí, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ló ń ṣàlàyé fún wa. Ó ní wọ́n á dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí wọ́n tó ti àwọn kádínà, àwọn àgbà àlùfáà tó ń yan póòpù, mọ́lé, láìsí fóònù, láìsí àlejò. Wọ́n á máa dìbò títí ẹnì kan á fi rí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Wọ́n á sun ìwé ìbò: èéfín dúdú, wọn ò tíì rí ẹni mú; èéfín funfun, wọ́n ti mú un. Láyé òde òní, kì í sábà ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ó tó bí ọdún mẹ́ta nígbà kan, títí àwọn ará ìlú fi há wọn mọ́lé, tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, tí wọ́n sì ṣí òrùlé kúrò lórí wọn. Bàbá mi ní kó tún ìtàn yẹn sọ.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti àwọn kádínà mọ́lé, èéfín funfun jáde. Aunty Fẹlí sunkún ayọ̀. Bàbá mi mi orí. "Two days? Lie ni, Sister Fẹlí. Wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa mú tẹ́lẹ̀. Èéfín lásán ni wọ́n fi ń tàn yín jẹ."

"Bròdá, ṣé àwọn afọbajẹ tiyín tí kò sẹ́ni tó tì mọ́lé ló wá ń ṣòótọ́?"

Bàbá mi gbé fóònù. Wọ́n pe ilé, wọ́n ń pariwo mọ́ olóyè kan tó jẹ́ afọbajẹ pé, "Ẹ ti ara yín mọ́lé now! Ẹ pa gbogbo fóònù!" Ká ní wọ́n pa á lóòótọ́, bàbá mi ni ì bá kọ́kọ́ bínú.

Ọdún gorí ọdún kí ìpè tó dé. Ìbátan wọn ni wọ́n mú. Bàbá mi gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n gbé abọ́ wọn jáde, wọ́n wá jókòó tì wá nídìí tábìlì. Wọ́n wo yunifọ́ọ̀mù mi, wọ́n ní, "Àbí school yín ti change color ni?"

"Rárá, Daddy. Mo ti kúrò ní praímárì tipẹ́."

Bàbá mi ti kú, wọ́n sì ti wó ilé tí flat wa wà. Ìfura yẹn ò bá wọn lọ o: bí fóònù bá dún láti ilé, èmi náà á kọ́kọ́ ronú ohun tí ẹni tó pè ń wá. Ṣùgbọ́n n kì í ti ilẹ̀kùn jẹun. Ẹlòmíì ló ń ti àwọn kádínà mọ́lé, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn fún wọn láìpẹ́. Ní ti bàbá mi, fúnra wọn ni wọ́n tira wọn mọ́lé, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí a fi dàgbà.