Irin Tí Bàbá Mi Fi Sẹ́yìn Wíìlì

Òórùn rọ́bà gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn búrẹ́dì àti ti omi gọ́tà tí imú wa ti mọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí mo yọjú síta, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé láti ibi tó ti lọ dán wíìlì tuntun wò. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Apápá. Ó ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ náà kó lè máa fi kó ẹrù fún àwọn èèyàn lópin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wíìlì tó bá a wá ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ó jọ ti ọmọlanke. Ó wá ra mẹ́rin mìíràn lọ́wọ́ atukọ̀ kan ní etí omi, wíìlì fífẹ̀ tó ń dán débi pé màmá mi lè wo gèlè rẹ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ó fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, inú táyà ẹ̀yìn á máa ha irin sípíríǹgì.

Ọ̀gá Efe ni mẹkáníìkì àdúgbò wa. Ọmọ Urhobo ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti le, Pidgin ló máa ń sọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní sípésà ló kù: irin róbótó oníhò tí wọ́n ń fi sáàárín wíìlì àti ibi tí wíìlì jókòó lé, kó lè sún táyà jáde díẹ̀. Ó mọ ọkùnrin kan ní Ìjọra tó lè fi ẹ̀rọ gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa wọ̀ ọ́ ṣinṣin, àmọ́ ó di ọjọ́ Túsìdeé.

Bàbá mi ò lè dúró. Ọjọ́ kejì ni ìkórè ìjọ wa, òun ló sì ṣèlérí pé òun máa lọ kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ìjọra. Màmá mi fi orúkọ mi pè é, ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ dá wíìlì àtijọ́ padà síbẹ̀ fún òní. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Bàbá mi kọ̀. Gbogbo ìjọ ti gbọ́ nípa wíìlì náà.

Ó jáde lọ, ó sì ra sípésà méjì wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ó fúyẹ́, ó sì nípọn bí ìwé orin. Ọ̀gá Efe gbé ọ̀kan síbẹ̀, ó gbé wíìlì lé e, ó yí nọ́ọ̀tì kan wò, ó sì mi orí.

"Daddy, nut no enter reach. E suppose turn eight times before e tight. This one na four. Me, I no go fit tie am."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó lọ. Bàbá mi gbé sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í fúnra rẹ̀. Èmi ni mo di abọ́ nọ́ọ̀tì mú, mo sì ń ka iye ìgbà tó ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi. Ẹ̀kíní, ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ó le. Bákan náà ni gbogbo wọn.

"Bàbá mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò?"

Mo gbé abọ́ náà padà sínú ilé.

A dé Ìjọra láìsí wàhálà. Wọ́n di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi sì jókòó lé àpò láti ṣọ́ wọn. Màmá mi wà níwájú pẹ̀lú àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú. Nígbà tí a kọjú sí ilé, mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mi, ká, ká, ká. Mo nà jáde wo ìsàlẹ̀. Wíìlì òsì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Afárá wà níwájú wa. Tírélà tó gbé kọ̀nténà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fọn fèrè. Tí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò sì sí nǹkan kan ńkọ́? Bàbá mi kì í fẹ́ kí wọ́n dójú ti òun ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí màmá mi máa ń sọ ló wá sí mi lọ́kàn: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu orí ọkọ̀.

"Bàbá mi, ẹ dúró! Táyà ń mì!"

"Jókòó!" Kò dín eré kù rárá.

Mo wá ń lu gíláàsì ẹ̀yìn, mo ń sunkún. Màmá mi yíjú, ó rí ojú mi, ó sì gbá apá bàbá mi mú. Ẹsẹ̀ afárá gan-an ni bàbá mi ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mẹ́ta ti já dànù. Ìkẹrin, ìka lásán ni bàbá mi fi yọ ọ́. Tírélà náà kọjá lára wa, ilẹ̀ sì mì tìtì. Màmá mi gba ọ̀já àbúrò mi ṣinṣin. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí.

"Mélòó lo ní o kà?" Ohùn rẹ̀ kéré.

"Mẹ́rin, sà."

Ó tẹ orí ba.

A ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Efe. Ó gbé wíìlì àtijọ́ wá, ó tún un ṣe láìsọ pé "mo ti wí." Iṣu dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn sì yìn wá. Ní ọjọ́ Túsìdeé, mo bọ́ṣọ iléèwé sílẹ̀, bàbá mi sì mú mi dání lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìjọra náà. Nígbà tí ọkùnrin náà fi sípésà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbẹ̀ tán, bàbá mi na sípánà sí i, ó kọjú sí mi, ó ní, "Kà á fún mi." Mo kà á sókè títí dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Kò fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí rí lórí ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì retí rẹ̀.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe rí nígbà yẹn lọ. Lóṣù tó kọjá, níbi iṣẹ́ mi, ọ̀gá wa gbé ìwé kan wá pé wọ́n ti tún àtẹ̀gùn ilé ìkẹ́rùsí ṣe, kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Mo gba orí àtẹ̀gùn náà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo wo àwọn tó kù, wọ́n ń fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù tí bàbá mi dá bà mí nígbà èwe pọ̀ ju èyí tí ọ̀gá kankan lè dá bà mí lónìí lọ, síbẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn pariwo. Èmi tí mo ti dàgbà gba bíró, mo fọwọ́ sí irọ́ náà.