Ẹni Tó Pè Mí Láàárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí ayọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú ni mo mọ orúkọ wọn títí dòní. N kò ní kọ wọ́n síbí. Wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n wá.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni wọn ò mọ̀. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Benin, tí mo ti ń ta ike àti abọ́ ní ọjà Ekiosa, bàbá ló máa ń kọ́kọ́ jí. Á ti orín bọ ẹnu, á dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á wá fi oríkì pè mí, á fà á gùn bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò. Kì í dákẹ́ àfi tí mo bá dáhùn. Mo máa ń ké pé, "Háàòò!" kí n tó sọ pé, "Ṣé etí mi di ni?" Lẹ́yìn tó lọ, àárọ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. N ò rí ohun tí màá torí ẹ̀ dìde mọ́. N ò lọ sọ́jà mọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ mú ọkàn le, Màmá." Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Airport Road ní òun mọ bó ṣe ń rí. Kó tó jókòó tán, ikú ọkọ tirẹ̀ ló ń ròyìn, ló bá bú sẹ́kún. Èmi tí wọ́n wá tù nínú ni mo dìde lọ bu omi fún un!

Ọmọbìnrin mi wá láti Ìbàdàn, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun pátápátá. Mo gbà. A di ẹrù, a kó o sí pálọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo gbọ́ oríkì mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n fà á gùn gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe ń fà á! Mo fò dìde láìwọ bàtà.

Aládùúgbò mi ni, ọmọ Ẹ̀dó tó ń ránṣọ, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín wa. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tún ń pè.

Inú bí ọmọ mi. "Ẹ̀yin àǹtí yìí! Ṣé ẹgbẹ́ yín ni màmá mi, tí ẹ ń fi oríkì pè wọ́n?"

Òótọ́ ló sọ. Nílẹ̀ wa, kékeré kì í pe àgbà bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ o," aládùúgbò mi dáhùn. "Ní Benin, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń kí i láàárọ̀. Tí wọn ò bá kí ẹ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ fún ẹ. Láti ìgbà tí mi ò ti gbọ́ ohùn Bàbá, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ fún Màmá." Ó yíjú sí mi. "Mama, answer na! My knee dey pain me!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, omijé náà ń dà. Mo dáhùn, "Háàòò!" bí mo ṣe ń dá bàbá lóhùn, gbogbo àdúgbò gbọ́.

Mo gbé e dìde. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí ilé tirẹ̀. Ó sọ ọ́. (N kò ní kọ ìyẹn náà, ọmọ Benin tó bá kà á yóò mọ ilé tó ti wá.)

"Ta ló wá ń fi kí ẹ?"

Ó fọwọ́ gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti lọ sí Èkó. Lórí fóònù, gúùdù mọ́nìn ni."

Ọmọ mi ní, "Màmá, mọ́tò ń dúró o."

"Jẹ́ kó máa lọ. Tí mo bá lọ, ta ni yóò kí i lọ́la?"

"Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù ú lọ?"

"Òun náà ló kọ́kọ́ rú òfin!"

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ jí. Mo dúró létí ògiri, mo fi ìkíni ilé rẹ̀ pè é, mo fà á gùn bí bàbá. Mo tún un pè. Ló bá fi igbe ta: "Mama! You wan make I cry?" Ó wá dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti wọ bàtà ọjà.