Omi Tí Bàbá Géètì Ń Pọn Sílẹ̀

Òórùn bisikíìtì ló máa ń jí wa ní Ọ̀rẹ́gùn. Bí ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa bá ti tan ààrò wọn láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán. Tó bá jẹ́ Sátidé, èmi àti Màmá mi á kó àpò fóònù tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ rán, a ó forí lé ọjà Computer Village. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Mọ́tò kì í dúró de ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n.

Egbò ló wà nínú ìfun Màmá. Dókítà ní oògùn lè mú un rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lé e lọ pátápátá. Bí àìsàn náà bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ jáde, tí inú bá sì ti lọ́ wọn, kí a ka ení dé ogún ni àyè tí wọ́n ní. Àwọn ará ilé wa kò gbà. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ń gbé àgbo wá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fòfin de ṣúgà fún gbogbo wa. Èmi tí nǹkan kan ò ṣe inú mi wá ń mu ògì láìní ṣúgà, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bisikíìtì!

Oògùn tí Màmá gbà gbọ́ ni ìkíni. Kò sí télọ̀, mẹkáníìkì tàbí onígbàjámọ̀ tí wọn kì í kí lójú ọ̀nà, èmi náà sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Mo rò pé ọ̀yàyà lásán ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbogbo ẹni tí à ń kí ló ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. “Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù,” Màmá á wí.

Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní “Ẹ-kú-iṣẹ́”. Ojú tì mí. Ní Sátidé kan, Màmá kí Bàbá Géètì, àgbàlagbà ará Ìjẹ̀bú tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ bisikíìtì. Èmi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Títí, àb'o ò rí mi ni?” Bàbá béèrè.

Mo ń bá ọ̀nà mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, ó ku díẹ̀ ká dé géètì yẹn ni Màmá di èjìká mi mú. Mo mọ ìdìmú yẹn: inú ti lọ́ wọn. Bí Bàbá bá ní kí wọ́n máa lọ ńkọ́, tí ìtìjú sì bá Màmá mi lójú títì nítorí agídí mi? Mo sáré ṣíwájú, mo fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ sà! Ẹ kú oòrùn! Ẹ kú ìjókòó! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ṣebí láàárọ̀ yìí lo ṣe bí ẹni tí ò rí mi! Dìde jàre. Ìyá ẹ ti wọlé.”

Lóòótọ́, géètì ti ṣí. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo rí ibi tí Màmá ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wọlé, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀.

“Gbogbo Sátidé ni mo máa ń pọn ọ́n sílẹ̀ de ìyá ẹ,” Bàbá wí. “O kí mi o, o ò kí mi o, omi á wà ńbẹ̀.”

Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Computer Village báyìí. Màmá ń lo oògùn wọn, wọ́n tiẹ̀ ti ń wọ mọ́tò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí já wọlé, ó di ikùn mú, kò kí ẹnikẹ́ni. Ká ní mo ṣì jẹ́ Títí ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ǹ bá yínmú sí i. Mo na kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

“Ṣé omi wà ńbẹ̀?”

“Ó kún dẹ́nu, Mà.”