Ìgò Kejì Tí Jẹ́jẹ́ Kò Mì Dáadáa

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jókòó nídìí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé, tó ń fi ẹ̀mú gbé ẹ̀yà aago tín-ín-tìn-ìn-tín. Bó bá gbé ife kalẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ kò. Bó bá ti ilẹ̀kùn, ẹ máa rò pé ilẹ̀kùn ọ̀hún ló sùn lọ. Wọ́n ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ó dáa, ẹ wá gbọ́ èyí tó bà jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù láti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Ẹja ló fi sílẹ̀ fún Jẹ́jẹ́ pé kó bá òun tọ́jú: ẹja omi òkun méjì, aláwọ̀ ọsàn onílà funfun, tí wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlá nínú táńkì onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀. Abo ló tóbi jù nínú wọn, òun náà ló sì ń pàṣẹ.

"Omi ni kó o máa ṣọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù ló ń di náítíréètì. Kò lóòórùn, kò sì ṣeé fojú rí, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń pa wọ́n. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, kán oògùn ìgò kìíní sí i, kó o kán ti ìkejì. Àmọ́ kó o tó kán ti ìkejì, mì í dáadáa o! Tó bá di yẹ́lò, kò séwu. Tó bá pọ́n, ewu ń bẹ."

Jẹ́jẹ́ mì í lóòótọ́. Ó mì í bí ẹni tó gbé aago oníbàárà sétí: ẹ̀ẹ̀kan sọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan sósì, ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, yẹ́lò ló ń rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń fún wọn lóúnjẹ, ó ní wọ́n ń wo òun bí ẹni tébi ń pa. Ẹja wo ni kì í wo èèyàn bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn, dókítà ẹ̀gbọ́n pe Jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀ lọ́sibítù. Iṣẹ́ abẹ náà ò yọrí bó ṣe yẹ, wọ́n á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ẹ má tíì sọ fún un o. Jìnnìjìnnì ò dáa fún ọkàn ẹ̀." Jẹ́jẹ́ padà sídìí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n, ó ní kò síyọnu.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó wọ pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abo ẹja wà nísàlẹ̀ táńkì, ó ń mí gúlegúle. Ó yẹ omi wò: yẹ́lò. Irọ́ wà níbì kan! Ó tú páálí oògùn, ó rí ìwé pélébé kan tí kò kà rí: ohun inú ìgò kejì máa ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sídìí ìgò, ẹ mì í tagbáratagbára fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì gbá a mọ́ tábìlì.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, Jẹ́jẹ́ fi nǹkan gbá tábìlì. Ó tún omi bù, ó kán an, ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Yéè! Mo gbé!"

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni. "Àwọ̀ wo ló mú?"

"Yẹ́... yẹ́lò ni, Àǹtí."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì pa fóònù.

Bó ṣe yíjú, abo ẹja ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé e kalẹ̀. Ṣé gbogbo omi lèèyàn ń dà nù ni, àbí ààbọ̀? Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n. Tó bá dákẹ́, ẹja á kú. Tó bá sọ̀rọ̀, ọkàn ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ó tẹ fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa, pupa ni. Mi ò mi ìgò kejì dáadáa látọjọ́ yìí. Abo ẹja ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ò pariwo. "Má da gbogbo omi nù o! Ìyípadà òjijì á pa wọ́n. Pín in sí mẹ́rin lójú ẹ, bu ìdá kan kúrò. Omi iyọ̀ tí mo ti pò wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, rọra dà á sí i. Má fún wọn lóúnjẹ lónìí. Lọ́la, bu ìdá kan mìíràn."

Ó ṣe gbogbo ẹ̀, fóònù wà láàárín etí àti èjìká. Nígbà tó pẹ́, ẹja náà dìde, àmọ́ ó ṣì ń mí gúlegúle.

"Ó ti dìde, Àǹtí."

"O ṣeun. Mo ti mọ̀ pé irọ́ lo ń pa. Ohùn tó o fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀ náà nìyẹn, nígbà tí mo bi ẹ́ pé kí ni dókítà sọ, tó o ní kò síyọnu. Mi ò tíì sùn látìgbà yẹn. Jẹ́jẹ́, èmi ńkọ́? Àwọ̀ wo lèmi mú?"

Jẹ́jẹ́ wo ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì.

"Pupa ni, Àǹtí. Wọ́n á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Wá lọ́la, tó o bá bu omi tán. Ẹ̀rù ń bà mí."

Jẹ́jẹ́ ò dúró de ọ̀la. Ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀ náà gbàà, gbogbo àdúgbò gbọ́.